Ẹ̀rọ Tó Mọ̀ Pé Òun Ti Yó

Etí òsì bàbá mi ò gbọ́ràn mọ́.
Ọdún kẹsàn-án rè é tí táyà tírélà kan bú gbàmù níwájú ẹ̀
ní ṣọ́ọ̀bù wa nísàlẹ̀ òkè Too-Ashuu,
níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró kí wọ́n tó gun yìnyín lọ.
Oorun ló gbé e lọ. Ìṣẹ́jú méjì péré.
Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ò sùn ní tiẹ̀,
ó ń fẹ́, ó ń fẹ́,
bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún pé ilẹ̀ ti ṣú.
"Àṣejù," ni Burul ìyá mi wí, "òun ni baba àṣetẹ́."
"Èmi kọ́ ni baba ẹ̀," ni bàbá mi dáhùn,
ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó ti ẹ̀rọ yẹn,
ẹ̀rọ tí ò tóbi ju ọmọ àgùntàn lọ,
tó ń mu iná lára bátìrì ọkọ̀.
Ìka rẹ̀ lórí súìṣì, ojú rẹ̀ lára gééjì.
Tíì á tutù sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Bí awakọ̀ bá kí i, kì í bojú wẹ̀yìn.

Mo ra súìṣì mìíràn ní Bishkek
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti kú:
àpótí dúdú, ẹnu mẹ́rin,
sípíríńgì kan nínú rẹ̀ tí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ tì títí
kó tó gbà pé ó tó.
Mo tú àgbá atẹ́gùn lára Kamaz tó ti pẹ́ nínú koríko.
Mo fi rílé sáàárín, torí iná náà le,
kò yẹ kí súìṣì kékeré máa fi eyín ara rẹ̀ gé e.
Téèpù funfun, ẹ̀ẹ̀mẹta yí ìdí gbogbo nọ́ọ̀tì.

Kò ṣiṣẹ́.
Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n ní kó má sunkún mọ́.
Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Nurzat, o ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́,
o ò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbé etí lé àgbá náà.
Mo gbọ́ ọ: atẹ́gùn ń yọ́ padà sẹ́yìn,
ó ń gba ọ̀nà tó gbà wọlé jáde.
Àṣé fáàfù kan ni mi ò fi sí i,
ilẹ̀kùn tó ń ṣí síhà kan ṣoṣo.
Mo tún wọkọ̀ lọ sí Bishkek.
Owó ọkọ̀ ju owó fáàfù lọ lọ́nà mẹ́fà.

Nígbà tí gééjì dé mẹ́jọ, ó dún táà,
ó mí ṣìì,
ó dákẹ́.
Ó wá sọ̀ sí mẹ́fà, ó jí fúnra rẹ̀.
Mo wo bàbá mi. Ìka rẹ̀ ṣì wà níbi tí súìṣì àtijọ́ wà,
ó ń tẹ afẹ́fẹ́ lásán.
"Ó dáa," ó ní. "Ọwọ́ mi ńkọ́? Kí ni kí n máa fi ṣe?"
Mi ò ronú kan ìyẹn.

Ìyá mi gbé tíì fún un.
Ó mu ún, ó fò sókè, ó ń na ahọ́n síta:
kò rántí pé tíì máa ń jóni.

Lóru, mo gbàgbé láti pa iná ṣọ́ọ̀bù.
Ẹ̀rọ náà jí nínú òkùnkùn, dù-dù-dù-dù,
ìyá mi ní olè ni.
Bàbá mi yí etí ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí,
ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á.
Ṣìì.
"Ó ti yó," ó ní, ó sì padà sùn.

Ibì kan ṣì ń jò lára àgbá yẹn.
Mo mọ̀ ọ́n. Omi ọṣẹ wà nílé.
Màá wá a lọ́la, bí mo bá rántí.